Ọkùnrin Tó Kú Lórí Fóònù Nítorí Gbèsè Ọsibítù

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ki fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀ bá ń pè yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti Orrin Tesch. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹni tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tó ń wa ọkọ̀ tí ń gbá yìnyín kúrò lójú títì fún ìjọba ìbílẹ̀ nílùú Wausau ní Wisconsin. Ìtìjú lásán ló sọ ọ́ di òkú.

Bọ́ọ̀lù ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, òun àti Lorna Pribyl, obìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, jẹ ẹja díndín yó, wọ́n wá lọ síbi tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù wúwo lu igi mẹ́wàá. Bọ́ọ̀lù yẹn ní ihò tí èèyàn ń ki ìka bọ̀. Orrin fẹ́ ṣe yàǹgà lójú Lorna. Ó gbé èyí tí ihò rẹ̀ kéré ju àtàǹpàkò rẹ̀ lọ, ó fì í sẹ́yìn, ó jù ú síwájú.

Bọ́ọ̀lù kò bọ́. Bọ́ọ̀lù ń lọ, Orrin ń tẹ̀ lé e. Wọ́n jọ lu àwọn igi náà ni. Gbogbo igi ló ṣubú, ọrùn ọwọ́ Orrin sì kán.

Bó ṣe wọ ọsibítù nìyẹn, bọ́ọ̀lù dirọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ní láti fi ayùn rẹ́ bọ́ọ̀lù náà kúrò. Nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ náà mú rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní kó jáde, kí ẹlòmíràn wá dì í mú.

Ọwọ́ òsì ni Orrin fi fa káàdì ìnṣọ́ránsì rẹ̀ yọ lápò. Nínú ìrora, ti ọdún tó kọjá ló fà lé wọn lọ́wọ́. Ìnṣọ́ránsì ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọsibítù sì kó gbogbo owó náà lé e lórí. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là.

Ó pe ìnṣọ́ránsì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi orin sí i létí, fèrè ṣáá, fèrè ṣáá, títí etí fi ń dùn ún. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò pè wọ́n mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan Lorna bi í pé, "Owó ọsibítù yẹn ńkọ́?"

"Ìnṣọ́ránsì ti san án."

Ẹ má tíì bú u. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyí: Lorna ti lọ́kọ rí. Rusty ni wọ́n ń pè é, gbèsè ló sì fi bo Lorna mọ́lẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Ọjọ́ tí àṣírí tú, inú ọgbà ilé ìtajà ni Lorna wà, tí àwọn kan wá fi ọkọ̀ wọ́ mọ́tò rẹ̀ lọ lójú rẹ̀ nítorí gbèsè náà, pẹ̀lú ẹran, wàrà àti áísìkiriìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń sọ pé, "Mo lè fẹ́ ẹni tó burẹ́wà. Mo lè fẹ́ ẹni tó ń han-run bí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹni tó bá fi gbèsè pamọ́ fún mi, kó máa lọ."

Orrin ń han-run, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹwà. Ó rò ó pé òun ò gbọdọ̀ tún fi ẹ̀kẹta kún un.

Gbèsè ọsibítù kì í tètè hàn nínú máàkì, ìyẹn nọ́ńbà tí báǹkì fi ń mọ ẹni tó ṣeé yá lówó. Wọ́n máa ń fún èèyàn ní nǹkan bí ọdún kan kó fi wá nǹkan ṣe sí i. Orrin fi gbogbo ọdún náà wò ó níran. Gbèsè kì í jẹrà. Nígbà tí yóò fi tún rántí rẹ̀, ọsibítù ti gbé e fún àwọn agbowó-gbèsè.

Láyé àtijọ́, òṣómàáló a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, a ní òun ò dìde àfi bí òun bá gba owó òun. Ti ìsinsìnyí kì í lóṣòó níbì kankan. Inú fóònù ni wọ́n ń bá ni.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé Ọ̀gbẹ́ni Orrin Tesch ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" Ohùn obìnrin ni, ó tutù, ó sì dùn.

"Kò sí nílé."

"Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni mo pè, sà."

"Ó gbàgbé ẹ̀ sílé."

"Ta wá ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Orrin wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Lyle. Àbúrò ẹ̀ ni mí."

Kò ní àbúrò kankan. Ìyá rẹ̀ bí òun nìkan, ó ní ó tó.

"Kí lẹ fẹ́ bá a sọ?"

"Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, sà. Òfin ò gbà wá láyè. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún un pé kó pe èmi, Bernadette Ochoa."

Òfin ò gbà wọ́n láyè! Orrin gbé fóònù sílẹ̀, ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan. Ṣé pé bí òun bá ti ń jẹ́ Lyle, kò sẹ́ni tó lè bi òun ní kọ́bọ̀? Ọjọ́ náà gan-an ni Èṣù fà á lọ́wọ́, tó ní kó jókòó.

Bí Bernadette bá pè, Lyle ni yóò gbé e. Díẹ̀díẹ̀, Lyle ní ohùn tirẹ̀, ohùn tó há, tó ń fa ọ̀rọ̀. Ó ní orúnkún tó ń dùn ún. Ó ń tọ́jú ìyá arúgbó kan.

"Lyle, orúnkún yín ńkọ́?"

"Ó ń ṣe díẹ̀díẹ̀, Bernadette."

"Ẹ fi aṣọ gbígbóná dì í. Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?"

"Ó tún ti jáde."

"Ẹni yìí mà fẹ́ràn òde o!"

Kí n má purọ́ fún yín, ó débi pé Orrin ń retí ìpè náà. Kò sẹ́ni tó béèrè orúnkún òun alára rí.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí Lorna mú ọ̀rọ̀ kan wá. Iṣẹ́ ajá ló ń ṣe: ó ń wẹ ajá, ó ń gé irun ajá, ó ń fọ eyín ajá, nínú ilé kékeré kan tó háyà lọ́wọ́ bàbá kan tó fẹ́ kó lọ sí Arizona lọ sinmi. Bàbá náà ní òun fẹ́ ta ilé. Ó ní òun máa fún Lorna di ìparí oṣù Karùn-ún, bí kò bá rí owó, ọkùnrin kan tó ń ta táyà ti ń dúró láti rà á.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kó àwọn ajá yẹn jọ," Lorna wí. "Bí mo bá kó kúrò níbẹ̀, wọn ò ní tẹ̀ lé mi. Èmi nìkan ò lè dá owó náà yá. Àwa méjèèjì ni, Orrin. Orúkọ mi àti orúkọ ẹ, ká yá a, ká rà á, ká máa gbé òkè rẹ̀ bí a bá ti ṣègbéyàwó tán."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Orrin wí.

Ìgbà tó yẹ kó sọ ọ́ nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ti yà. Lorna wá fẹnu kò ó lẹ́nu, ó ní, "Mo dúpẹ́ pé ìwọ kì í ṣe Rusty," ẹnu náà sì padé.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù Lorna nígbà tí Bernadette pè. Ó sá wọ yàrá ẹ̀yìn, láàárín àwọn ọṣẹ ajá.

"Lyle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀gá mi ní kí n gbé fáìlì ẹ̀gbọ́n yín fún lọ́yà lọ́la. Ṣé mi ò lè bá a sọ̀rọ̀ níṣẹ̀ẹ́jú kan péré?"

Ní yàrá kejì, Lorna ń fi ẹ̀rọ gbígbóná gbẹ irun ajá ńlá kan. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ lójijì. "Orrin, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ohun tó fẹ́ sọ fún Bernadette ni pé Orrin rìnrìn àjò. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ó kú."

"Ẹ ní kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Orrin. Ó ti kú."

"Olúwa mi o! Lyle! Kí ló pa á?"

Orrin wá ikú kiri nínú orí rẹ̀, kò rí òmíràn. "Bọ́ọ̀lù ni."

"Bọ́ọ̀lù?"

"Èyí tí wọ́n fi ń lu igi."

Ó gbọ́ tí obìnrin náà bú sẹ́kún. Ẹkún ràn án, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, tọkàntọkàn, fún ara rẹ̀. Ó ń ronú pé Orrin yẹn èèyàn dáadáa kúkú ni.

"Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, Lyle," Bernadette wí. "Máa kọ ọ́ sínú ìwé wa. A ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

Lorna yọjú, ó bá a pẹ̀lú omijé lójú. "Kí ló dé?"

"Ọṣẹ ajá ló ta sí mi lójú."

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Orrin jẹ sọ́séèjì mẹ́ta pẹ̀lú àlùbọ́sà, ó sì sùn bí ọmọ ọwọ́. Kò mọ̀ pé bí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbì kan pé èèyàn kú, ìròyìn náà máa ń rìn. Àwọn tó ń tọ́jú máàkì gbogbo èèyàn gbọ́. Ẹni tó fún un ní káàdì tó fi ń ra epo mọ́tò náà gbọ́.

"Ẹ̀rọ ò gba káàdì yín, sà," ọmọbìnrin ilé epo wí.

"Tún un fà."

"Mo ti fà á. Ó ní kí n mú un lọ́wọ́ yín."

Ìyẹn ò tíì tó nǹkan. Káàdì ìbánikẹ́dùn kan dé, òdòdó funfun wà lára rẹ̀, Bernadette àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Lorna ló bá a nínú àpótí lẹ́tà Orrin.

"Ta ni Lyle Tesch?"

"Ìbátan wa kan ni, lọ́nà jíjìn. Ó ń lo àdírẹ́sì mi."

"Wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Ta ló kú fún un?"

"Ajá ẹ̀ ni."

Lorna fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ irú ẹ̀ létí ẹni tó ń wẹ ajá. "Ó mà ṣe o! Ajá wo ni?"

"Ńlá kan. Aláwọ̀ pupa."

"Orúkọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ha, Lorna, jẹ́ ká fi í sílẹ̀, ó ń dùn mí."

Lorna gbé káàdì náà sórí fèrèsé ilé ìdáná, ó ní òun yóò hun súwẹ́tà fún Lyle. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún lóòótọ́. Bí ẹ bá ti jókòó ti obìnrin tó ń hun súwẹ́tà fún ẹni tí ò sí láyé rí, ẹ mọ bí ó ṣe ń rí lára Orrin. Lorna fi súwẹ́tà náà wọn àyà Orrin, ó ní, "Ṣé Lyle tóbi tó ẹ?"

"A fẹ́ẹ̀ẹ́ jọra."

Ọjọ́ báǹkì pé. Ọ̀gbẹ́ni Vang ló gbà wọ́n, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wẹ̀, tó mọ́, tó so táì. Ó tẹ orúkọ Lorna, ó rẹ́rìn-ín. "Máàkì yín dára púpọ̀, mà." Ó tẹ orúkọ Orrin. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo Orrin, ó tún wo ẹ̀rọ.

"Ọ̀gbẹ́ni Tesch, ara yín le?"

"Ara le."

"Ó dá yín lójú?"

Lorna rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé?"

"Ohun tí mo rí níbí ni pé Ọ̀gbẹ́ni Tesch ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá. Wọn ò ní máàkì kankan. Òkú kì í ní máàkì, mà."

Lorna rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ó ń han-run ju òkú lọ!" Orrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ dà bí ti ewúrẹ́ tó gbé eegun mì.

"Àṣìṣe máa ń wáyé," Ọ̀gbẹ́ni Vang wí. "Ohun kan tún wà níbí. Kí wọ́n tó kú, gbèsè ọsibítù kan ti wọlé sí wọn lọ́rùn, ó ti fa máàkì wọn wálẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún."

Ẹ̀rín Lorna dúró. "Gbèsè ọsibítù wo?"

"Àṣìṣe ni," Orrin yára wí. "Àṣìṣe gbogbo ẹ̀ ni."

"Kò ṣòro. Ilé-iṣẹ́ tó fi ìròyìn náà ránṣẹ́ wà níbí. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n." Ọ̀gbẹ́ni Vang sì fi fóònù sórí tábìlì, ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Orrin ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Lorna ní, "Jókòó."

"Bernadette Ochoa nìyí, kí ni mo lè ṣe fún yín?"

Ọ̀gbẹ́ni Vang ṣàlàyé pé ẹnì kan jókòó síwájú òun tí ẹ̀rọ ní ó ti kú.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀, sà," Bernadette wí. "Àbúrò olóògbé náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, Lyle. Ó sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fi sunkún. Bóyá gbájúẹ̀ ló jókòó síwájú yín. Ẹ ní kó sọ̀rọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Vang na fóònù sí Orrin. Orrin mi orí. Ó tún na án sí i. Orrin yọ ohùn kan tín-ínrín, tí kì í ṣe ti Orrin, tí kì í sì í ṣe ti Lyle. "Ẹ ǹlẹ́ o, mà."

"Lyle!" Bernadette ké, inú rẹ̀ dùn. "Ṣé ọ̀nà ọ̀fun ń dùn yín ni? Orúnkún yẹn ńkọ́?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Orrin kò tilẹ̀ rìn jìnnà kí wọ́n tó bá a lórí ìjókòó.

Lorna yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. "Mò ń hun súwẹ́tà fún ẹ," ó wí.

"Lorna…"

"Mo ti hun apá kan tán."

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ronú pé o máa rò pé Rusty ni mí."

"Rusty ò kú," Lorna wí. Kò pariwo. Ìbá sàn bó bá pariwo. "Orrin, ṣé ẹ̀rù mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí o fi yàn láti kú dípò kí o sọ fún mi pé o jẹ gbèsè?"

Lorna dìde, ó kí Ọ̀gbẹ́ni Vang, ó jáde. Mọ́tò rẹ̀ ni wọ́n jọ gbé wá. Orrin fi ẹsẹ̀ rìn délé nínú yìnyín tó ń yọ́, pẹ̀lú bàtà tó yá nítorí báǹkì.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe Bernadette fúnra rẹ̀.

"Èmi Orrin Tesch ni. Mo wà láàyè. Kò sí Lyle. Ẹ forí jì mí."

"Mo tan àbẹ́là fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ẹ mọ̀? Mi ò wá mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Ẹ wà láàyè, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n Lyle ti kú."

"Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù," Orrin wí, ó tijú.

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó wá là á fún un pé kó padà lọ bá ọsibítù, kí wọ́n gba káàdì tó yẹ, kí wọ́n kọ̀wé sí ìnṣọ́ránsì. Ó ní gbèsè ọsibítù ò dà bí ti mọ́tò: bí wọ́n bá ti san án tán, wọ́n ń pa á rẹ́ pátápátá kúrò lára máàkì èèyàn, bí ẹni pé kò wáyé rí. "Ká ní ẹ ti dáhùn pé 'èmi ni' lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ yẹn ni mi ò bá ti sọ gbogbo ẹ̀ fún yín."

Ìyẹn gan-an ló dun Orrin jù. Gbogbo ìyà yìí, ọ̀rọ̀ méjì péré ni ì bá yanjú rẹ̀.

Ìnṣọ́ránsì kọ́kọ́ kọ̀, Orrin gbọ́ fèrè wọn títí ó fi mọ orin náà sórí, wọ́n wá san èyí tó pọ̀ jù. Èyí tó kù, ọsibítù gbà kó máa san án díẹ̀díẹ̀, ó sì ta ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ tó fi ń ṣeré lórí yìnyín, ó san án tán. Jíjíǹde ló le. Àwọn tó ń tọ́jú máàkì ní kó fi ẹ̀rí hàn pé ó wà láàyè. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé.

"Ẹ̀rí wo lẹ mú wá?" akọ̀wé bi í.

"Èmi rèé."

"Ìyẹn ò tó, sà."

Kí gbogbo rẹ̀ tó yanjú, ìparí oṣù Karùn-ún ti kọjá. Lorna ò dúró dè é. Ìyá rẹ̀ ló bá a fọwọ́ sí ìwé báǹkì, ó sì ra ilé náà, orúkọ Lorna nìkan ló wà lórí rẹ̀. Owó tí yóò máa san lóṣooṣù pọ̀ ju bí ì bá ti rí lọ. Orrin mọ̀ pé òun lòun fà á.

Kò pe Lorna, kò sì yọ ọ́ lẹ́nu. Ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Vang sọ fún un pé gbèsè náà ti parẹ́, tí máàkì rẹ̀ ti padà sípò, ló tó mú ẹsẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lorna ń gé èékánná ajá kan. Kò gbójú sókè.

"Mo ti san án tán," Orrin wí. "Mi ò wá nítorí ilé. Mo kàn fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi."

"Ó ku kí ni?"

"Kò ku nǹkan kan."

"Orrin. Ó ku kí ni?"

Orrin jókòó lórí àpò oúnjẹ ajá. "Mo jẹ Walt níbi iṣẹ́ ní ogún dọ́là. Ìwé láíbìrì kan wà lábẹ́ ibùsùn mi tó ti yẹ kí n dá padà láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Èmi ni mo fi mọ́tò gba àpótí lẹ́tà ẹ wó nígbà yẹn, kì í ṣe ọmọ tó ń pín ìwé ìròyìn kiri ojúlé." Ó wo ajá tí Lorna ń gé èékánná rẹ̀. "Ẹja tí màmá ẹ máa ń rẹ sínú ọtí kíkan, tí mo máa ń ní ó dùn. Mi ò jẹ ẹ́ rí. Ajá wọn ni mo máa ń jù ú sí lábẹ́ tábìlì."

Lorna gbé ọ̀bẹ èékánná sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ báǹkì, ó wò ó lójú.

"Mo ti mọ̀yẹn tipẹ́," ó wí. "Èmi ni mò ń fọ eyín ajá yẹn."